Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Abẹ Àtúnṣe Ara

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé kò sí ohun tí a tún lè ṣe sí ara tí ó ti bàjẹ́. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà lò ó kò tọ̀nà.

Àwa tí a ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, Garki ní Abuja ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, láàárín àwọn Hausa, Gbagyi, Igbo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Yorùbá inú ilé ni a gbọ́, a kò gbọ́ ti ìgboro. Nítorí náà, ohùn orí ọ̀rọ̀ máa ń dà wá láàmú. Lára àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í pè bó ti yẹ ni apá àti àpá. Ìyá wa á ní kí a lọ fọ apá wa, àwa á máa wá àpá tí ó wà lórí orúnkún wa. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi wá rín.

Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa nígbà náà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà lára rẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi ro àmàlà dà sí i ní apá ọ̀tún. Wọ́n fi epo pupa pa á, wọ́n fọ́ ẹyin sí i. Egbò náà pẹ́ púpọ̀ kí ó tó jinná. Nígbà tí ó jinná tán, awọ ibẹ̀ ti súnkì, ó ti fa apá náà ká ní ìgúnpá, kò sì ṣe é nà mọ́. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ọwọ́ òsì ni ọmọ yìí fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọwọ́ òsì náà ni ó fi ń mú nǹkan fún wọn. Ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nílé Yorùbá, bákan náà ni ó sì rí lọ́dọ̀ àwọn Hausa tí a jọ ń gbé. Àlejò tí kò mọ ìdí rẹ̀ á jágbe mọ́ ọn pé, "Ọwọ́ òsì kẹ̀? Ṣé wọn kò kọ́ ọ nílé ni?" Àwa ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ náà fi ṣe yẹ̀yẹ́. A fún un ní orúkọ kan tí a kò ní kọ sínú ìwé yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni eegun apá náà pé, iṣan rẹ̀ pé. Awọ nìkan ni ó dè é mọ́lẹ̀. Ìgbà tí a ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni dókítà kan tó là á yé àwọn òbí rẹ̀ pé apá náà ṣe é tú sílẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, apá sì nà. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nígbà tí ó padà dé ni pé àpá kò lọ síbì kankan. Àpá ṣì wà, ṣùgbọ́n apá ti bọ́ lóko ẹrú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti wá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ náà ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa irú iṣẹ́ abẹ yìí.

Kí ni iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí ní "plastic surgery". Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Àwọn kan rò pé ike tàbí rọ́bà ni wọ́n ń fi sí ènìyàn lára. Rárá o. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni mímọ nǹkan, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ amọ̀. Èyí kò gbọdọ̀ ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye, níwọ̀n ìgbà tí àwọn baba wa ti sọ pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn. Oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ń gbìyànjú láti tún ohun tí a ti mọ mọ. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń jẹ́ amọ̀ rẹ̀: awọ itan, ẹran ẹ̀yìn, eegun ìhà.

Ẹ̀ka méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Èkíní ni èyí tí a ń ṣe nítorí ẹwà, bíi kí ènìyàn tí imú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan ní kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Èkejì ni àtúnṣe, èyí tí a ń ṣe kí ẹnu lè jẹun, kí ojú lè pa dé, kí ọwọ́ lè di nǹkan mú, kí ènìyàn sì lè jáde láàárín ẹgbẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni a ń gbọ́ jù nínú ìròyìn. Ti èkejì ni ó kàn wá nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ti ń ṣe imú tuntun fún ẹni tí wọ́n gé nímú. Nínú ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní ti Sushruta, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń yí padà láti fi ṣe é. Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, ni ó wá sọ iṣẹ́ náà di ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọta ìbọn ti ba ojú àwọn ọmọ ogun jẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Harold Gillies, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ni ó kó ìtọ́jú wọn lé orí, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí fún un ní Sidcup ní 1917. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn dókítà ń ṣe títí di òní, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní ilẹ̀ wa, Ilé Ìwòsàn Eegun ti Igbobi ní Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, ti Enugu, UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó wà lára àwọn ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Fún àwa ará Garki, Ilé Ìwòsàn Àpapọ̀ tí ó wà ní àárín gbùngbùn Abuja ni ó sún mọ́ wa. Ní 1999 ni wọ́n ṣí i, ti àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè é kí ó tó di ti gbogbo ènìyàn. Ó ní ẹ̀ka ìtọ́jú ẹni tí iná jó àti iṣẹ́ abẹ àtúnṣe.

Ọmọ tí ètè tàbí àjà ẹnu rẹ̀ là

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Ojú ọmọ kì í wá lódidi. Ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ni ó ti ń rìn bọ̀, tí wọ́n á wá pàdé ní àárín. Ètè máa ń pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje oyún, àjà ẹnu sì máa ń pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹsàn-án. Bí wọn kò bá pàdé, àlàfo á wà níbẹ̀. Ní gbogbo àgbáyé, nǹkan bí ọmọ kan nínú 700 ni a ń bí báyìí.

Ẹ kíyè sí àkókò náà. Obìnrin mìíràn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà tí ètè ọmọ ti pé tàbí tí kò pé. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìyá rìn ní ọ̀sán gangan ni, kì í sì í ṣe pé ó fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé ó lè rìn nínú ìdílé, pé àwọn oògùn wárápá kan, tábà àti ọtí sì lè dá kún un. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, a kò rí ohun kan pàtó tọ́ka sí. Ẹ̀bi kò kan ìyá.

Ewu àkọ́kọ́ ni ebi. Ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là kò lè fa ọmú dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba imú wọlé nígbà tí ó bá ń fà á. Ìyá lè fún wàrà rẹ̀ sínú ife mímọ́, kí ó máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, kí ó gbé orí ọmọ sókè bí ó ti ń mu ún. Ọmọ tí kò bá rí jẹ kò ní lágbára tí a fi lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé fún ètè ni ti mẹ́wàá mẹ́ta: kí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ 10, kí ó wọn pọ́n-ùn 10, èyí tí í ṣe kílógíráàmù mẹ́rin àbọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó 10 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Èyí ni pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a lè tún ètè ṣe. Kì í ṣe awọ nìkan ni dókítà máa ń rán pọ̀. Ó máa ń rán inú ètè, ó máa ń so iṣan ẹnu tí ó yapa pọ̀, kí ó tó wá rán awọ ìta. Bí iṣan kò bá pàdé, ètè náà kò ní lè súfèé, kò sì ní lè pa dé bó ti yẹ.

Ti àjà ẹnu ni ó yẹ kí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè jù. Ẹ rántí ohun tí a kọ́ ní kíláàsì fònẹ́tíìkì. Kí a tó lè pe ìró àṣénupè bíi b, t, d, k, g, p àti gb, afàsé gbọ́dọ̀ gbéra láti dí ọ̀nà imú, kí èémí lè kó jọ sínú ẹnu kí a tó tú u sílẹ̀. Bí àjà ẹnu bá là, tàbí tí afàsé kò lè gbéra, èémí á gba imú lọ. Ìró aránmúpè, m àti n, nìkan ni kò ní wàhálà, nítorí pé imú ni ọ̀nà wọn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ pe "bàbá", ohun tí a ó gbọ́ yóò fẹ́ jọ "màmá". Bí ó bá fẹ́ pe "adé", yóò fẹ́ jọ "ané".

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo nǹkan kan. Inú ọ̀fun, ní tán-án-ná, ni ohùn ti ń wá. Àjà ẹnu kò mọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ yìí lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde bí gbogbo ọmọ Yorùbá. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìlù dùndún: ìró kò sí níbẹ̀, ohùn ni ó fi ń mọ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ilé fi máa ń sọ pé, "Àwa gbọ́ ohun tí ó ń sọ", tí wọn kò sì rí ìdí tí wọn á fi yára gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ á tó yí padà. Olùkọ́ kò gbọ́ ọ, àwọn ọmọ kíláàsì ń sín in jẹ, wọ́n á ní olódo ni. Òye rẹ̀ pé. Afàsé rẹ̀ ni kò pé.

Láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí oṣù méjìdínlógún ni ó dára jù láti ṣe ti àjà ẹnu, kí ọmọ tó kọ́ ọ̀nà òdì tí yóò máa gbà pe ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti dàgbà kí a tó ṣe é, a ṣì lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ti mọ́ ọn lára ni yóò ṣòro láti yí padà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó tún nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń pe ìró, ẹni tí yóò yẹ etí rẹ̀ wò, àti oníṣègùn eyín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, ẹ rò ó wò: ìmọ̀ yín wúlò níbẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Smile Train, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ń san owó irú iṣẹ́ abẹ yìí fún àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ wa, ó sì ń dá àwọn dókítà ilẹ̀ wa lẹ́kọ̀ọ́, kí aláìsàn má baà san nǹkan kan fún iṣẹ́ náà. Nítorí náà, kì í ṣe àìsí owó nìkan ni ó ń fa ìdádúró. Ìtìjú àti fífi ọmọ pamọ́ sí yàrá wà lára rẹ̀.

Ẹni tí iná tàbí omi gbígbóná jó

Awọ ara wa ní ìpele méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Inú ti ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò irun wà. Bí iná bá jó ti òkè àti díẹ̀ nínú ti ìsàlẹ̀, awọ tuntun á hù láti ìdí irun wọ̀nyí, ojú rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jó wọnú títí tí gbòǹgbò fi parun, kò sí ibi tí awọ yóò ti hù mọ́ àfi etí egbò. Egbò náà á máa fa ara rẹ̀ pọ̀ láti pa dé, bí ẹni fa okùn ẹnu àpò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn tàbí itan ni, ó lè má ṣe nǹkan púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgúnpá, ọrùn, ìka ọwọ́ tàbí abíyá, oríkèé ibẹ̀ ni yóò ká kò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin àdúgbò wa nìyí.

Ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀ ni pé kí dókítà tètè lẹ awọ mọ́ ojú egbò tí ó jinlẹ̀. Wọ́n á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti itan. Ibi tí wọ́n ti bó o á jinná fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé wọn kò tú gbòǹgbò irun ibẹ̀. Awọ tí wọ́n lẹ̀ náà kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi ojú egbò ni yóò máa mu ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń dì í pinpin, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ pé kí aláìsàn má ṣe mira. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, awọ náà á kú.

Bí apá bá ti ká kò tẹ́lẹ̀, wọ́n á gé ojú àpá tí ó dè é, wọ́n á na apá, wọ́n á wá fi awọ dí àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ okùn tín-ín-rín kan ni àpá náà, dókítà lè gé e bí lẹ́tà Z, kí ó sì pààrọ̀ igun méjèèjì. Ẹ bi àwọn télọ̀: wọ́n mọ bí a ti ń gé aṣọ ní ìdábùú kí ó lè gùn ní òró. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ó gbà sùúrù jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nínà ojoojúmọ́ àti dídi igi mọ́ apá lóru fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi tí ó rọ aláìsàn lọ́rùn láti ká apá sí, ibẹ̀ gan-an ni àpá fẹ́ kí ó wà.

Kí gbogbo èyí tó dé, ohun tí a ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ da omi ẹ̀rọ tí ó tutù sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má lo yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ara tó wú. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí epo pupa, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí yíǹkì. Àwọn òbí tí ń lò wọ́n kò kórìíra ọmọ wọn. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn ni wọ́n ń ṣe.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan Abuja gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2005, ọkọ̀ òfuurufú Sosoliso tí ó gbéra ní Abuja já ní Port Harcourt. Ènìyàn 110 ni ó wà nínú rẹ̀, 108 sì kú. Ọgọ́ta nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College, Abuja, tí ń lọ lo ìsinmi Kérésìmesì nílé. Kechi Okwuchi, ọmọ ọdún 16, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó yè. Iná jó ó ju ìdajì ara rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí Johannesburg, lẹ́yìn náà ó lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó parí yunifásítì ní Houston ní 2015. Ní 2017, ó kọrin dé ìpele àṣekágbá nínú ìdíje America's Got Talent. Ẹni tí ó bá ti rí i rí mọ̀ pé àpá ṣì wà lójú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ọgọ́rùn-ún kò pa àpá rẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ohùn rẹ̀ sì ń jáde.

Nóómà

Àrùn kan tún wà tí ó ń ba ojú ọmọdé jẹ́, pàápàá ní apá òkè ilẹ̀ wa. Nóómà ni orúkọ rẹ̀. Láti inú èrìgì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ bí egbò kékeré, lára ọmọ tí ebi ń pa tàbí tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eegun àgbọ̀n. Bí a bá rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn apakòkòrò, fífọ ẹnu àti oúnjẹ gidi lè dá a dúró. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó mú. Ẹni tí ó bá sì yè, iṣẹ́ abẹ àtúnṣe nìkan ni ó kù tí yóò fi lè ya ẹnu jẹun.

Láti 1999 ni ilé ìwòsàn nóómà ti wà ní Ṣókótó, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières sì ń ràn án lọ́wọ́ láti 2014. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tún ojú wọn ṣe níbẹ̀ ni Mulikat Okanlawon, tí ó padà di òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà, tí ó sì ń gba àwọn aláìsàn tuntun níyànjú. Òun àti Fidel Strub, tí òun náà yè bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Elysium sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi nóómà kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Ìjọba Nàìjíríà ni ó ṣíwájú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó béèrè fún un.

Àpá tí ó wú àti ilà ojú

Àpá mìíràn wà tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró. Etí tí a lu, ibi abẹ́rẹ́, ibi tí a fá irùngbọ̀n, á wú kọjá ibi tí egbò mọ. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń bá jà jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní keloid, orúkọ tí ó wá láti ọ̀dọ̀ Alibert, dókítà ará Faransé tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1806. Ṣùgbọ́n ní 1973, P. Omo-Dare kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ó fi hàn pé àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ̀ nípa irú àpá yìí tipẹ́. Ìmọ̀ràn tí ó ṣe pàtàkì nípa rẹ̀ ni pé kí a má ṣe gé e lásán. Bí a bá gé e láìfi abẹ́rẹ́ oògùn sínú rẹ̀ tàbí ìtọ́jú mìíràn tì í, ó sábà máa ń padà wá, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ó ti rí pẹ̀lú ilà ojú nìyí. Dókítà lè gé ilà tí ó fẹ̀ kí ó rán an di tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́ pátápátá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ilà sí ọmọdé lára mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, kí ni iṣẹ́ tiwa nínú èyí? A kì í ṣe dókítà. Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ wa. Òwe wa sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn baba wa pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n fi wọ́n sábẹ́ ààbò Ọbàtálá, wọ́n sì kà á léèwọ̀ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. A ti gbàgbé èyí. Orúkọ ẹranko àti orúkọ ẹ̀gàn ni a ń sọ ọmọ tí ètè rẹ̀ là. Ìyá tí ó bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, oṣù mẹ́ta á di ọdún mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń dí ọ̀nà ìwòsàn nìyẹn.

A lè sọ pé "ọmọ tí ètè rẹ̀ là", "ẹni tí iná jó", "ẹni tí ó yè bọ́ lọ́wọ́ nóómà". Bí a bá wà nílé fún ìsinmi, tí a sì rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kúnlẹ̀ tàbí kí á dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, kí á sọ fún un ní Yorùbá tí ó yé e pé ó ṣe é tún ṣe, pé àkókò rẹ̀ nìyí, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ìkádìí, ojú àpá kì í jọ ojú ara. Dókítà tí ó bá ṣèlérí ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí kò sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé àpá gbọ́dọ̀ gba apá, kò sì sọ pé kí àlàfo ètè gba oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ.

Nígbà tí a lọ sílé ní ìsinmi tí ó kọjá, a pàdé ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó bu omi fún ìyá wa mu. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife náà fún un. Àpá ibẹ̀ ń dán láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ìyá wa gbà á, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi." Kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan nípa ọwọ́. Àwa nìkan ni ó ku ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí orúkọ tí a ń pè é nígbà náà jì wá.